Ọwọ́ Mi Ló Kọ "Kò Sí"

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn tí a jọ ń ṣe tíṣà ní Yaba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti pọ̀ jù fún mi láti dá gbé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé igi ọsàn méjì wà lẹ́yìn ilé mi. Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, ló gbìn wọ́n lọ́dún tí a kọ́ ilé náà. Ó di ọdún mẹ́fà tó ti kú. A kò bímọ. Àwọn igi yìí ni mo máa ń yọjú sí láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, bí ẹni ń kí ènìyàn. Ṣé ó yẹ kí àgbàlagbà máa kí igi? Èmi ń kí wọn.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ilé kan náà la ti dàgbà, abọ́ kan náà la ti jẹun. Kúùkù ni lórí ọkọ̀ ìgbòkun òyìnbó kan, irú ọkọ̀ kékeré tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì lórí òkun. Láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń yà láti erékùṣù kan sí òmíràn, títí wọ́n fi dé Àpápá.

Òfin àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá ti wọ èbúté, wọ́n gbọ́dọ̀ ta àsíá yẹ́lò sókè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ títí dókítà èbúté yóò fi wá wò bóyá àìsàn wà nínú ọkọ̀. Bí ó bá ti yọ̀ǹda àwọn èèyàn, ó tún ku ẹrù. Olúkúlùkù ni yóò kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀: ẹran ààyè, èso, irúgbìn, erùpẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí pé ó léwu, wọn yóò jó o níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yìí ni Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé mú wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Bándéèjì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní iná sítóòfù ló jó òun nígbà tí ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, òun ò lè di pẹ́ẹ̀nì mú, kí n bá òun kọ ọ́, òun á fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́.

Mo ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí i létí. Mo bi í bóyá ẹran ààyè wà. Ó ní kò sí, àfi tí wọ́n bá ka ọ̀gá òun mọ́ ọn. Mo ní igi tó ní gbòǹgbò tàbí erùpẹ̀ ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ́láńlé, o ò ní fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nílé ìwé. Ta ló ń ru erùpẹ̀ kọjá òkun? Èyí tó wà ní Èbúté Mẹ́ta ò tó mi ni?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó wà tàbí kò sí?"

"Kò sí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin sì ni pé ẹni tó bá bá ẹlòmíràn kọ irú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo fi tèmi síbẹ̀, mo kọ ọ́ kó hàn kedere.

Ní ọjọ́ karùn-ún ó tún dé, ó gbé agolo bísíkíìtì ńlá kan dání. Igi ọsàn kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Agége ló fún òun, kí n bá òun gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kí wọ́n má baà gbẹ kí òun tó rí ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí oko. Ó ní èmi ni mo mọ ọsàn tọ́jú nínú ẹbí wa. Ta ni wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún tí inú rẹ̀ kò ní dùn?

Bí ó ṣe ń gbé agolo náà kalẹ̀ ni mo rí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò sí bándéèjì mọ́. Kò sí àpá kankan. Iná tó jó ènìyàn tí kò fi lè di pẹ́ẹ̀nì mú, ṣé ọjọ́ márùn-ún ló fi ń jinná? Mo rí i, mo sì dákẹ́. Mo gbin igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àkọ́kọ́ nínú méjì tèmi, mo bu omi sí wọn.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin méjì kan ilẹ̀kùn mi. Mo rò pé wolé-wolé tó ń wá tanwíjí nínú ìkòkò omi ni wọ́n, mo ní kí wọ́n wọlé, ìkòkò mi mọ́. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní rárá, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀gbìn ni àwọn ti wá. Ó mú ìwé méjì jáde. Ọ̀kan ni èyí tí mo kọ. Èkejì ni ti òyìnbó ọlọ́kọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kúùkù òun ra igi ọsàn mẹ́ta ní erékùṣù tí àwọn yà sí kẹ́yìn. Wọn kò bá igi kankan nínú ọkọ̀, òyìnbó náà sì ti gbéra lọ, ó fi kúùkù rẹ̀ sílẹ̀. Àdírẹ́sì mi ló kù fún wọn láti tẹ̀lé.

Mo mú wọn lọ sẹ́yìn ilé. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àrùn wà lára àwọn kéékèèké náà, àmì rẹ̀ sì ti ń yọ lára ewé ìsàlẹ̀ igi àkọ́kọ́. Kò rí nǹkan kan lára ìkejì.

"Mà, àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kúùkù yẹn bá sọ ọjọ́ tó gbé wọn wá síbí, tó sì jẹ́ pé kò tíì pẹ́, ọ̀gá wa lè jẹ́ kí a fi ìkejì sílẹ̀ ká máa ṣọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àpápá. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n ní àdírẹ́sì tí mo fún wọn, ó ti jókòó níbẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ti sọ fún wọn pé òun kò gbé ọsàn kankan wá, òun kò sì mọ ohun tí mo kọ, òun kàn tẹ̀ka ni.

Ó yíjú sí mi. "Bọ́láńlé, sọ òtítọ́ fún wọn. Ṣé èmi mọ̀wé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní A B D. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí títí dé Standard Four."

"Mo jókòó lóòótọ́," ó ní, "ìwé ni kò jókòó tì mí."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mo sún mọ́ Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ru ẹ̀bi fọ́ọ̀mù yẹn. Ọjọ́ tí ẹ gbé agolo wá nìkan ni kí ẹ sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí lójú. "Agolo wo?"

Ọ̀gá náà ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kò bára mu, òun kò lè mọ ìgbà tí àrùn náà dé ilé mi, nítorí náà igi méjèèjì ni yóò lọ. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún èmi. Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n máa lọ sílé.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n wá pẹ̀lú àáké. Wọ́n hú gbòǹgbò, wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Igi tútù kì í tètè jó. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni èéfín ń wọ ilé àwọn aládùúgbò, mo sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé wá. Mo gbé àga fún un, torí mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Kò jókòó. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fi igi tú eérú náà wò.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jó? O ò tiẹ̀ lè fi ọ̀kan pamọ́ fún mi, Bọ́láńlé?"

Mo wọlé lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn.

N kò ní sọ pé kí ẹ má fọkàn tán ẹbí. N kò sì bínú sí òfin èbúté, torí bí wọ́n bá ti rí igi mẹ́ta yẹn jó lórí omi, méjì tèmi ì bá wà. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí ojú bá ti rí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, kí ẹnu béèrè lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní A B D. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ìtìjú tí òun kò ní.

Ó ṣì ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ẹbí ní kí n gbàgbé rẹ̀, pé igi lásán ni. Ẹ̀yin tí ẹni yín ti lo ọwọ́ yín báyìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí olóòtú kí a kà á. Ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ṣì ń jẹ́ ìkíni wọn, àti ohun tí ẹ ń rò nígbà tí ẹ bá ń jẹ́ ẹ.