Ọjọ́ Ìbí Màmá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Ìjọ

Nígbà tí ìjọ wa ní Tudun Wada ra kọ̀ǹpútà, èmi ni wọ́n ní kí n kó àdírẹ́sì gbogbo ọmọ ìjọ sínú rẹ̀. Àmọ́ ìwé àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà náà kò ní àyè fún ọjọ́ ìbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni, ara sì ń yá mi jù. Mo kọ ètò kékeré kan, mo so ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀, kí ó máa fi ọjọ́ ìbí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Lóṣooṣù, àwọn tí wọ́n bí lóṣù náà á bọ́ síwájú ìjọ, a ó kọrin fún wọn, a ó sì gbàdúrà.

Ètò mi kò gbà kí àyè kankan ṣófo. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló ń fún un. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Oṣù kìíní dé, wọ́n pe orúkọ, ni gbogbo àgbà ìjọ bá dìde! Àwa tó jókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó kọrin. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n pè, Màmá mi nìkan ló jókòó gbagidi.

Nígbà tí a délé, Màmá gbaná jẹ. "Haba! Ṣé òròmọdìyẹ ni wá, tí a jọ jáde nínú ẹyin lọ́jọ́ kan? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọrin fún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà fẹ́ ọjọ́ tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. "Màmá, ìgbà wo ni wọ́n bí yín?"

"Ìgbà iṣu tuntun, lọ́jọ́ ọjà."

Ọjà abúlé wọn ní Kogi kì í bá kàlẹ́ńdà rìn. Mo ní kí Màmá kúkú mú ọjọ́ tó bá wù wọ́n.

Ẹ̀wà ni Màmá ń ṣà, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Fi ọjọ́ tìrẹ síbẹ̀."

"Tèmi kẹ̀? Ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ìyá àti ọmọ ni?"

"Orúkọ wo lo kọ fún mi nínú kọ̀ǹpútà rẹ?"

Màmá ni mo kọ, mo sì fi orúkọ tèmi tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n.

"Ọjọ́ tí mo bí ọ ni wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń pè yẹn."

Nígbà tó kan oṣù wa, wọ́n pe Màmá. Èmi náà dìde, mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ni Màmá bá yíjú padà sí mi.

"Jókòó. Orin tèmi ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́."

Mo jókòó. Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì kọ orin náà títí ohùn fi há.