Ìyálé Tó Ń Sùn Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Wa

Òórùn eruku tó ń gbóná ni mo fi máa ń rántí ìgbà èwe mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà tí kọ̀ǹpútà àlòkù láti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wa, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, fáánù inú rẹ̀ á máa mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ bí àgbàlagbà tó gun òkè, á sì pọ eruku ilé ẹni tó ti ni ín rí sí yín nímú. Nílé wa ní Atakpamé, òórùn yẹn máa ń dà pọ̀ mọ́ ti tíì ewé tí ìyá wa ń sè láàárọ̀, àti ti ọ́ìlì alùpùpù tí kì í kúrò lára aṣọ bàbá wa. Láàárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ ti bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹni tó tẹ ẹlùbọ́, mo sì ti jí kí wọ́n tó pè mí. Bàbá ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ náà ni àwọn máa "fẹ́ ìyàwó kejì fún kọ̀ǹpútà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí bàbá mi dàrú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Baba wọn ló mú wọn wá sí Tógò lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń ta páàtì alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọ́n gbọ́ èdè Ewe, wọ́n sì máa ń bá àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ifẹ̀, àwọn Yorùbá ilẹ̀ Tógò, ṣàwàdà débi pé àwọn yẹn gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kà níléèwé ò tíì kúrò lẹ́nu wọn. Faransé nìkan ló kọ̀ fún wọn. Wọ́n lè fi ná ọjà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ó parí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n wá rà ní Lomé fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, onífaransé ni láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ gbà mí o," ni bàbá máa ń wí, "ohun tí mo fowó ara mi rà, òun náà tún ń sọ èdè tí mi ò lè kà!" Ìyẹn ni Kàmọ́rù, ọmọ àbúrò wọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Nàìjíríà, fi fi fláàṣì kan rán awakọ̀ sí wọn. Línúsì ló wà nínú rẹ̀, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Wíńdóòsì onífaransé tó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí á máa bá bàbá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kàmọ́rù ní kò sídìí láti lé ti Faransé jáde. Àwọn méjèèjì lè jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan náà. Bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, á bi wá èwo la fẹ́. Bàbá gbọ́ èyí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Ìyálé àtìyàwó! Ṣé ẹ rí i?"

Ìyá wa nìkan ló wà nílé bàbá wa, nítorí náà ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì yìí, ẹ̀fẹ̀ tó ta díẹ̀ sì ni. Aṣọ ni ìyá ń tà. Wọ́n ní òfin kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá tiwọn: oníṣòwò kì í ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ pátá kí oòrùn tó wọ̀. Bí wọ́n fẹ́ kírun, bí òjò ń rọ̀, bí wọ́n ń lọ kí ẹni tó bímọ, apá kan ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń fà, wọ́n á ta aṣọ dí apá kejì. "Ilẹ̀kùn tí a bá tì gbọn-in," ni wọ́n máa ń wí, "ire á rò pé a ti kó lọ ni." Òfin yìí ni wọ́n gbé wọnú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa pa á pátá. Kí a dé e, kí a fi ìborí wọn tó ti gbó bò ó, ó tán. Kọ̀ǹpútà á sùn, bátìrì rẹ̀ tó ti darúgbó á rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà á sì kó gbogbo ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́ pamọ́ sínú ara rẹ̀ kó tó dákẹ́. Ojú wa ò tíì là sí ìyẹn nígbà náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí a bá ṣí i, ibi tí a dúró sí náà la máa bá a.

Ẹni tó ń lò ó jù ni Awáwù. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, kò sí bí mo ṣe lè máa pè é ní "wọn." Ó wà lọ́dún tó kẹ́yìn níléèwé àwọn agbẹ̀bí ní Lomé, ó sì wálé wá kọ ràpọ́ọ̀, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbà á. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá á tún ọdún náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sì ti ń sọ kiri pé ìwé tí ọmọbìnrin yìí ń kà ti pọ̀ jù, ọkọ ń dúró. Bàbá dá wọn lóhùn pé: "Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán lọ́dún yìí. Bí kò bá ṣe é tán, a ó sọ̀rọ̀." Awáwù gbọ́ "a ó sọ̀rọ̀" yẹn, ó yé e. Odindi ọjọ́ Ẹtì ló fi ń kọ̀wé, ó ń lu kọ̀ǹpútà bí ẹni ń lu ẹ̀wà. Apá tó kẹ́yìn ló ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ìyá dé kọ̀ǹpútà, wọ́n bò ó, wọ́n ní kó wá jẹun.

Láàárọ̀ Sátidé náà, Awáwù bá ìyá gbé ẹrù lọ sọ́jà, ó ku èmi àti bàbá. Bàbá ki fláàṣì bọ̀ ọ́, wọ́n tan kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì kan lókè pátápátá bí Kàmọ́rù ṣe ń darí wọn lórí fóònù. Àwòrán tí mo mọ̀ ò jáde. Orúkọ mélòó kan ló tò sílẹ̀ lójú dúdú, fláàṣì àti Wíńdóòsì wà lára wọn. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, bí ìgbà tí wọ́n mú mi gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé tí mo ti ń gba iwájú wọ̀ láti kékeré. Bàbá yan fláàṣì. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bàbá ń kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Yàrá kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ṣófo, a ò fi nǹkan kan síbẹ̀ rí. Kàmọ́rù ní ibẹ̀ gan-an ni kí ìyàwó máa gbé. "Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́!" ni bàbá wí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, tí ètò tuntun náà kí wọn káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn, bàbá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo bá wọn jó. Ẹ̀yin ará, bàbá mi, Àlájì onírùngbọ̀n, ló ń jó níwájú kọ̀ǹpútà!

Orí ijó yẹn ni Awáwù bá wa. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó ní òun fẹ́ wá parí iṣẹ́ òun. Bàbá pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn kó lè yan Faransé tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò bi wá ní nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀ tààrà. A tún un ṣe, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ìyálé ò sí níbẹ̀ mọ́. "Bàbá," ni Awáwù wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "níbo ni iṣẹ́ mi wà?" Awáwù ò lè bínú sí bàbá lójú; ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ẹ mọ bó ṣe rí. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, omijé ń bọ́ sórí ìró rẹ̀. Ó sàn kó kígbe. Bàbá tó ń jó lẹ́ẹ̀kan wá ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ara wọn pé, "A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kíyán ewùrà má lẹ́mọ."

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sunkún nígbà tí bọ́tìnnì ṣì wà láti tẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ìyá sì máa ń sọ pé ọwọ́ mi ò lè gbélẹ̀ bí ọwọ́ ọ̀bọ. Mo fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, mo ń ṣí gbogbo ibi tó ṣeé ṣí nínú ètò tuntun náà. Ẹ wò ó, mo rí yàrá ńlá kan, ó kún! "Bàbá, ó wà ńbí! Nǹkan kún ibẹ̀!" Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Gẹ̀ẹ́sì kan ló yọ síta. Bàbá wọ jígí, wọ́n kà á, gbogbo rẹ̀ yé wọn àfi ọ̀rọ̀ kan, "haibanétì." Wọ́n tún un kà díẹ̀díẹ̀. Awáwù gbórí sókè. Ọ̀rọ̀ náà jọ Faransé kan tí olùkọ́ kọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ ẹranko: àwọn ẹranko ilẹ̀ òtútù tó máa ń wọ ihò lọ sùn títí ooru á fi padà dé. Ó fò dìde. "Bàbá, ó ń sùn ni! Kò kú!" Orí mi wú.

Bàbá tún pe Kàmọ́rù. Kàmọ́rù ní kò le rárá: àṣẹ kan wà tí a lè kọ, á fipá ṣí yàrá náà, àwọn fáìlì á jáde, oorun yẹn nìkan ló máa parẹ́. Bàbá kọ ọ́. Ìka wọn ti wà lórí bọ́tìnnì tó kẹ́yìn nígbà tí Awáwù ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú oorun náà?" Wọ́n bi Kàmọ́rù. Ó ní ohunkóhun tí a ń ṣe lọ́wọ́ tí a ò tíì fi pamọ́ ni, ìyẹn máa lọ. Háà! Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì! Awáwù ò tíì fi í pamọ́ nígbà tí iná lọ. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Èmi ni mo pariwo mọ́ bàbá mi bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá, tó fa apá kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ kí wọ́n lè wálé wá jẹun, ló ń wọlé bọ̀. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n wo bàbá, wọ́n wo kọ̀ǹpútà. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko," ni wọ́n wí. "Mo dé e ni, mi ò pa á. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ jí i, ẹ yéé dá ògiri lu."

Ẹnu ọ̀nà! Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Àwọn orúkọ tó tò sílẹ̀ láàárọ̀ kí bàbá tó yan fláàṣì, ṣebí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n? Mo rántí dáadáa pé mo rí Wíńdóòsì láàárín wọn. "Bàbá, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè yẹn!" Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ jù, Gẹ̀ẹ́sì ti wọlé. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, pàbó. Ìyá ní, "Ẹ gbé e fún ọmọ náà." Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra láìmí, àfi gbàgà tí orúkọ méjì yọ! Línúsì lókè, Wíńdóòsì nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yan ìyálé. Gbogbo rẹ̀ dúdú. Ìyá ń ṣàdúà lábẹ́ ètè, Awáwù di apá mi mú débi pé ó ń dùn mí. Faransé funfun kan wá yọ lójú dúdú náà, mo kà á sókè: ó ní òun ń padà síbi tí òun dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Awáwù ṣí sílẹ̀ níwájú wa, ní àárín gbólóhùn tó ń kọ lọ́jọ́ Ẹtì, ìlà kékeré tó máa ń fi ibi tí a kọ̀wé dé hàn sì ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí.

Yéè! Ariwo tí a pa, àwọn Ifẹ̀ ilé kejì sáré wá, wọ́n rò pé ẹnì kan bímọ. Awáwù gbá mi mọ́ra, ó gbé mi kúrò nílẹ̀. Ìyá kọjú sí bàbá. "Bàbá Awáwù, mo fẹ́ bi yín o. Ọkùnrin tó bá fẹ́ mú ìyàwó wọlé, ṣé kì í kọ́kọ́ jí ìyálé, kó sọ fún un ni? Ẹ jẹ́ kó máa sùn, ẹ mú tuntun wọlé, ẹ wá ń bèèrè pé níbo ló wà!" A rẹ́rìn-ín débi pé ikùn ń dùn wá. Ọ̀rọ̀ ìyá sì kúkú tọ̀nà, Kàmọ́rù jẹ́rìí sí i lórí fóònù: à bá ti pa Wíńdóòsì dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti lé sí wọn lójú. "Awáwù, má bínú," ni wọ́n wí. "Díẹ̀ ló kù kí n ba ayé rẹ jẹ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì." Mi ò gbọ́ kí bàbá mi bẹ ọmọ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Awáwù kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó tẹ iṣẹ́ náà jáde, ó wọ takisí lọ sí Lomé. Bàbá sìn ín dé ibùdókọ̀, wọ́n dúró títí ọkọ̀ fi wọ ọ̀nà Glei lọ. Ó yege. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò tún sọ̀rọ̀ ọkọ mọ́ títí Awáwù fi mú ẹni tó wù ú wá fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe báyìí ní ọ́fíìsì kan ní Atakpamé. Ètò méjì nínú ẹ̀rọ kan ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi mọ́. N kì í tẹ bọ́tìnnì tí mi ò bá tíì rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì máa ń pa gbogbo nǹkan dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí mo jẹ́ nígbà náà láyà jù mí lọ, inú rẹ̀ sì tètè ń dùn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ tí òun ò mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Awáwù ní Akparé, níbi tó ti ń gbẹ̀bí. Oyún mi ò tíì pé oṣù, ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú mi. Kò sáyè láti wá ọkọ̀. Ọmọ jáde, kò ké. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ mọ ohun tí mo gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Awáwù ò pariwo. Ó nu ọmọ náà, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń fún un ní atẹ́gùn, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí igbe fi sọ. Ó gbé e lé mi láyà, àwa méjèèjì bú sẹ́kún.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń fò sókè nílé wa lọ́jọ́ Sátidé yẹn rò pé ràpọ́ọ̀ ẹ̀gbọ́n òun la rí gbà padà. Ọmọ mi ni.