Òdo Tí Wọ́n Fún Ọmọ Ìwàrà

Bí mo bá rántí ọ̀gá wa yẹn, inú ṣì máa ń bí mi. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo nilé wa, ṣùgbọ́n Iléṣà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà ni olórí ẹ̀ka wa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní àròkọ: á kọ tirẹ̀ sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ìrìn àjò lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ tí kò dé Ìbàdàn rí á máa ròyìn bí wọ́n ṣe de bẹ́líìtì mọ́ òun nínú bàálù!

Mi ò lè fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, mo gbé gàrí, abọ́ àti garawa omi wọ kíláàsì àwọn tó fẹ́ jáde. Mo ní kí kálukú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ bí wọ́n ṣe ń mu gàrí. Mo gba ìwé ẹnì kan, mo ní ohun tó kọ gan-an ni n ó ṣe. Ó ní ká da omi sí gàrí. Kò sọ pé ká kọ́kọ́ bu gàrí sínú abọ́. Ni mo bá da omi sínú àpò gàrí.

"Mà, ẹ ti ba gàrí jẹ́!"

"Èmi kọ́. Ẹ tó kọ nǹkan, ẹ kọ́kọ́ ro ti ẹni tó máa kà á."

Wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ariwo yẹn ló gbé ọ̀gá dé. Ó wo abọ́, ó wò mí. "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kọ́ wọn, àbí ẹ ti ṣí búkà?" Lójú àwọn ọmọ!

Nígbà tí ìdánwò mọ́ọ̀kì dé, ọ̀gá ló máàkì àròkọ. Ẹni tí kò bá yege kò ní gba fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde. Ó ní kí àwọn ọmọ kọ nípa ìrìn àjò tí wọn kò lè gbàgbé. Gbogbo kíláàsì ló wọ bàálù, àfi ọmọbìnrin kan, ọmọ olóko kòkó, tó ń ti Ìwàrà wá. Òun mú ìwé tirẹ̀ tọ̀ mí wá tẹkún tẹkún. Òdo! Ọ̀gá fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jí i kọ nínú ìwé ni.

Mo kà á. Òun àti bàbá rẹ̀ ru kòkó gbígbẹ bọ̀ wá tà ní Iléṣà, òjò ká wọn mọ́nà. Bàbá bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi bo kòkó, kò fi bo ọmọ. Ọmọ bá bàbá yan odì títí wọ́n fi délé, kó tó rántí pé nítorí owó ilé ìwé òun ni wọ́n ṣe ń ru kòkó ọ̀hún.

"Mà, bàbá mi ní bí mi ò bá gba fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí, oko ni."

Àwọn tó da ọ̀rọ̀ kan náà kọ, tòun ti bẹ́líìtì, yege. Ẹni tó lo orí ara rẹ̀ ni wọ́n pè lólè! Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

"Sà, ìwé wo ló ti jí i kọ? Ẹ fi hàn mí."

Ó ní ọmọ oko kò lè gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà tún àròkọ kọ lójú rẹ̀. Ó gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ jókòó síwájú rẹ̀, èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ìyá tó mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọ̀gá kà á, eyín rẹ̀ yọ. "Ẹ ò rí i? Èyí ni Gẹ̀ẹ́sì!" Ojú ẹsẹ̀ ló fún un ní fọ́ọ̀mù. Mo gba ìwé náà, mo wò ó. Pápákọ̀ òfuurufú! Bẹ́líìtì gan-an kò gbẹ́yìn.

Mo fa ọmọ náà lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí ọ̀gá lọ.

"Kí lo ṣe yẹn? Ta ni mo wá ń jà fún?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ ní ká tó kọ nǹkan, ká kọ́kọ́ ro ti ẹni tó máa kà á. Mo ro tiwọn ni."

Ó wá yọ ìwé tó gba òdo nínú àpò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Tiyín nìyí, mà."