Bí Kọ́ọ̀tù Wa Ṣe Tọ́ Gàrí Ìyá Fúnkẹ́ Wò

Ojú mi báyìí ló rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, n kò sì kà á nínú ìwé ìròyìn, nítorí èmi àti ìwé kíkà kì í fi bẹ́ẹ̀ kíra. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ tiyìtiyì. Ṣùgbọ́n ojú tí Ọlọ́run fún mi, ojú àwòdì ni. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpò gàrí Ìyá Fúnkẹ́, láti ọjọ́ tó wọ kọ́ọ̀tù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde títí di ọjọ́ tó tán, ìṣojú mi ni. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Akódà kọ́ọ̀tù ni mí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ akódà, kó fara balẹ̀ kí n là á yé e. Àwọn adájọ́ ló ń dájọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó bí èmi kò bá tíì pariwo. Èmi ni mo ń ké "Kóòòòtù!" tí gbogbo ènìyàn á fò dìde, olówó, tálákà, lọ́yà, ọlọ́pàá. Ẹ bá mi rò ó wò: nínú gbogbo àwọn tó kàwé dé òkè òkun, ta ló lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé lọ́yà dìde? Lọ́jọ́ tí ara mi bá yá, ewúrẹ́ tó sùn sẹ́yìn ọgbà náà á dìde. Èmi ni mo ń pe orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, èmi ni mo ń gbé Bíbélì tàbí Kùránì fún ẹni tó fẹ́ búra, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú ẹ̀síbíìtì. Ẹ̀síbíìtì ni ẹrù tí ìjà dá lé lórí: ìkòkò, tẹlifíṣàn, aṣọ òkè, adìyẹ nígbà mìíràn. Kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́, kò gbọ́dọ̀ dín. Kò sì sí èyí tó dín lọ́wọ́ mi rí, àfi ẹyọ kan yìí, ẹ ó sì rí i pé òfin ló jẹ ẹ́.

Ará Imùṣin ni Ìyá Fúnkẹ́, gàrí ló ń yan. Nígbà tí Fúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ ilé-ìwé gíga ní Ìjagun, ìyá yan àpò gàrí kan fún un, èyí tí yóò máa mu títí ọdún yóò fi yí. Ó fi rán Súpọ̀, awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Imùṣin sí Òde. Gàrí kò dé Ìjagun. Ìyá lọ bá Súpọ̀ ní gáréèjì, Súpọ̀ ní gàrí wo? Ó ní èyí tó wà nínú ọkọ̀ òun, òun lòun rà á. Ó tún wá pe ìyá ní òpùrọ́ lójú gbogbo èrò. Èyí ló dun obìnrin náà ju gàrí lọ.

Ìyá lọ fẹjọ́ sùn, àgọ́ ọlọ́pàá ni àpò náà sì kọ́kọ́ lọ kó tó dọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ọlọ́pàá gbé e dé, okùn ẹnu rẹ̀ ti tú.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé báyìí ni ẹ ṣe gbà á?"

Ó ní, "Akódà, a ṣe ìwádìí ni."

Mo ní, "Ẹ nu ìwádìí kúrò nírùngbọ̀n yín."

Ọjọ́ tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, kọ́ọ̀tù kún bí ọjà. Bàbá Alága, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó láàárín. Alájì wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì wà lósì. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń dájọ́. Ìyá Fúnkẹ́ kúnlẹ̀.

"Olúwa mi, ẹ dákun, ẹ tú àpò náà dà sílẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Àmì mi wà nísàlẹ̀ pátápátá."

Bàbá Alága gbé ojú sókè. "Kí a da gàrí sílẹ̀? Nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Ìyá, ṣé ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú lò ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo kọ́ọ̀tù pariwo "Háà!" Èmi náà pariwo, tèmi ló sì ròkè jù. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tó bá da gàrí sílẹ̀, à á kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìdí àpò ṣe kú lọ́jọ́ náà.

Súpọ̀ rò pé òun gbọ́n. Ó ní, "Olúwa mi, òkè lọ́hùn-ún ni mo ti ra gàrí tèmi. Kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú rárá. Kò kan."

Bàbá Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí gàrí bá kan, ti Ìyá Fúnkẹ́ ni. Bí kò bá kan, ti Súpọ̀ ni. Ó ní, "Ẹjọ́ ti rọrùn. Ẹnu ni yóò dá a. Akódà, gbé ṣíbí wá."

Wọ́n bu gàrí gbígbẹ sẹ́nu. Bàbá Alága ní ó jọ pé ó kan. Alájì mi orí, ó ní, "Gàrí gbígbẹ kò ṣe é búra lé. Omi tútù la fi ń mọ gàrí." Òótọ́ ni. Mo sáré bu omi wá. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì wo abọ́, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Láìsí ṣúgà, báwo ni n ó ṣe mọ ibi tí kíkan parí sí?" Mo sáré lọ fún ṣúgà. Alájì béèrè bóyá òfin lòdì sí ẹ̀pà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ṣí ìwé òfin, ó ní òun kò rí ẹ̀pà níbẹ̀. Ohun tí òfin kò bá dárúkọ, kò kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ibi ẹ̀pà yìí ni eyín Alájì kan ti ká, ó sì ní kí a má kọ ìyẹn sílẹ̀.

Súpọ̀ fò dìde. "Ẹ̀tọ́ mi ni kí n tọ́ ọ wò! Èmi ni olùjẹ́jọ́!"

Wọ́n bù fún un. Ó mu ún, ojú rẹ̀ sún kì nítorí kíkan. Ó ní, "Kò kan."

Bàbá Alága nu ẹnu, ó ní ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, a kò lè fi ẹnu ọjọ́ kan dájọ́. Ó sún ẹjọ́ síwájú. Ohun tí à ń pè ní kí a sún ẹjọ́ síwájú nìyí: kí gbogbo ènìyàn lọ sílé, kí ẹjọ́ jókòó sọ́dọ̀ akódà.

Ó sì jókòó. A sún un nítorí ìyanṣẹ́lódì. A sún un nítorí ìsìnkú àna Bàbá Alága. Nígbà tí òjò jò wọlé, a sún un. Ìjọba fi àánú wò wá, wọ́n fi pátákó tuntun kan ránṣẹ́, wọ́n kọ "Ilé Òdodo" sí i gàdàgbà, wọ́n kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òrùlé kò gbọ́ pé pátákó dé, ó ń jò lọ. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, Alájì ní òun kò lè tọ́ ẹ̀síbíìtì wò lọ́sàn-án, kí a bu tòun sọ́tọ̀ fún ìṣínu. A bù ú. Lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún tọ́ ọ wò kí wọ́n lè rántí ibi tí ẹjọ́ dé.

Akọ̀wé náà kò jẹ́ kí n sinmi. Á kan ilẹ̀kùn.

"Akódà, jẹ́ kí n yẹ ẹ̀síbíìtì wò."

"Kí lẹ fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Abọ́."

Èmi náà tọ́ ọ wò, n kò fi pa mọ́. Akódà tí kò mọ adùn ohun tó ń ṣọ́, kí ló ń ṣọ́?

Ẹ má ṣe rò pé kọ́ọ̀tù wa kò ní ẹjọ́ mìíràn. Bàbá olóyè kan wà tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún odindi ìjọ, fún àwọn oníléèwé, àti fún ọkùnrin kan tó ń bẹ ní ìlú òyìnbó. Nígbàkigbà tí mo bá pe ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á ní fáìlì sọnù. Bàbá náà á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á máa kí ènìyàn, á bi mí bí ohùn mi ṣe le. Ṣùgbọ́n ọjọ́ gàrí, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti dé kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ọlọ́pàá oníbọn méjì ló ń ṣọ́ àpò náà. Lójú ọ̀nà tó wà níwájú kọ́ọ̀tù gan-an, àwọn ọmọ jàǹdùkú ń já fóònù gbà lọ́wọ́ àwọn èrò orí ọ̀kadà. A pe àwọn ọlọ́pàá náà, wọ́n ní àwọn kò lè fi ẹ̀síbíìtì sílẹ̀.

Bí Ìyá Fúnkẹ́ bá dé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ló máa ń kọ́kọ́ yà sí.

"Bọ̀dá Akódà, ó kù?"

"Ó kù, Ìyá."

"Ẹ gbé e kí n rí i."

Màá gbé e. Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì àti eékún ni mo fi ń gbé e. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan tó o.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, kí ló dé tí ẹ kò kúkú yan òmíràn fún ọmọ náà?"

Ó ní, "Mo ti yan òmíràn. Òun ni mò ń tà tí mo fi ń wọ ọkọ̀ wá sí kọ́ọ̀tù yín. Fúnkẹ́ ń ra gàrí oníkọ́ọ̀pù ní Ìjagun, ọmọ aláyan-gàrí! Àmọ́ gàrí kọ́ ni mò ń bá jà mọ́. Súpọ̀ pè mí lópùrọ́ ní gáréèjì. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta pé tèmi ni, kí ẹnu gbogbo wọn pa mọ́."

Àánú ṣe mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, nítorí èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ yanjú dé báyìí ni wọ́n gbé Bàbá Alága lọ sí kọ́ọ̀tù mìíràn. Alága tuntun dé, ọ̀dọ́kùnrin onígíláàsì, òfin kún ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Fúnkẹ́ ní, "Olúwa mi, wọ́n ti tọ́ ọ wò!"

Ó ní, "Ìyá, èmi kò lè fi ẹnu ẹlòmíràn dájọ́."

Ìyá tún ní, "Ẹ wo ìdí àpò."

Ó ní, "Tí a bá dé ìdí, a ó wo ìdí."

Ṣùgbọ́n Alága tuntun ní ọgbẹ́ inú. Kò lè mu gàrí tútù, kíkan rẹ̀ ń ta á. Ẹ̀bà ni yóò fi dájọ́. Ẹ̀bà kò sì lè dá lọ láìsí ọbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n ní kí Ìyá Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà gbé àdògán kalẹ̀, ó dáná sẹ́yìn kọ́ọ̀tù, ó ń fi gàrí tó ń torí rẹ̀ ṣẹjọ́ tẹ ẹ̀bà fún àwọn tó fẹ́ mọ ẹni tó ni ín. Ojú mi ló rí i! Alága jẹ, ó lá ọwọ́, ó ní ẹ̀bà ti pa kíkan rẹ̀, kí a sún ẹjọ́ síwájú.

Ọjọ́ tó tán, mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ti ṣíbí bọnú àpò, mo gbọ́ "gàrì", ṣíbí ti kan ìdí. Mo wò ó, ojú àwòdì, mo rí nǹkan aláró nísàlẹ̀. Mo ké "Kóòòtù!" nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó wá sí mi lẹ́nu. Gbogbo wọn dìde.

Mo yí inú àpò náà síta. Ìrépé àdìrẹ ni wọ́n fi lẹ ìdí rẹ̀ láti inú, wọ́n sì rán an yípo. Ìyá Fúnkẹ́ bọ́ síwájú. Ó yí ẹ̀yìn sí wa. Ìró àdìrẹ tó ró, wọ́n ti gé igun rẹ̀ kan. Mo gbé ìdí àpò lé ibẹ̀: ẹja orí aṣọ ìyá kò ní ìrù, ìrù rẹ̀ wà nídìí àpò.

Súpọ̀ ní, "Háà."

Ìyá ní, "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ."

Alága tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Kọ́ọ̀tù kì í kánjú. Ẹ̀rí ti hàn. Gàrí náà, ti Ìyá Fúnkẹ́ ni. Akódà, dá gàrí rẹ̀ padà fún un lójú ẹsẹ̀."

Mo fi ìka méjì gbé e. Mo rìn bí ẹni tó gbé adé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Fúnkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó wọ kákí àgùnbánirọ̀, ó ti kàwé tán. Ó wo inú àpò, ó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á títí omijé fi jáde.

Ìyá ká àpò náà sábẹ́ apá. Ó ní, "Bọ̀dá Akódà, ṣé ohùn yín lè dé gáréèjì?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Mo jáde síwájú kọ́ọ̀tù, lábẹ́ pátákó "Ilé Òdodo", mo gbá àyà mú, mo ké e: "Ìyá Fúnkẹ́ ló ni gàrííí!" Ewúrẹ́ dìde. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Bàbá olóyè dìde lábẹ́ igi máńgòrò, ó rò pé wọ́n ti rí fáìlì òun. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní gáréèjì, ó sì dá mi lójú, nítorí mo mọ ohùn mi.

Ohun tó sọnù nìyí. Gàrí, àpò kan. Ṣúgà, páálí méjì. Ẹ̀pà, ìgò mẹ́rin. Ṣíbí ìjọba, mẹ́ta. Eyín Alájì, ọ̀kan. Fáìlì ilẹ̀, ọ̀kan. Ọdún, mẹ́rin.