Aràn Tí Bàbá Àjàgbé Dá Sí

Ọdẹ ni Bàbá Àjàgbé ní ilé-iṣẹ́ ìlagi kan ní Òkè-Ogbo. Etí wọn ti di ká pariwo sí i kó tó gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibẹ̀ kò mọ̀. Ajá wọn, Tanmọ̀la, ló ń bá wọn gbọ́ràn. Bó bá ti ń gbó, Bàbá á rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí, wọ́n á dìde.

Tanmọ̀la náà sì ti ń darúgbó.

“Tíṣà,” wọ́n sọ fún mi, “bí abo ajá yìí bá kú, tí n ò ní ọmọ rẹ̀ kan tí mo ti kọ́ níṣẹ́, wọ́n á lé mi. Ta ló fẹ́ ọdẹ adití?”

Ní ọdún 1983, Tanmọ̀la bí ọmọ márùn-ún. Ikùn àwọn ọmọ náà wú, irun wọn ṣá, wọ́n ń bì. Àtọ́kẹ́, ìyàwó Bàbá, ní ayé ló ń bá àwọn jà. Èmi ni mo ń darí àdúrà ọjọ́ Wẹsidé ní ìjọ wa, wọ́n sì ní kí n dá sí i. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ kan. Mo bi ara mi bóyá ó tọ́ kí ènìyàn gbààwẹ̀ nítorí ajá, mo sì dá ara mi lóhùn pé oúnjẹ arúgbó kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kí àwọn ọmọ ajá náà tó pé ogójì ọjọ́, gbogbo wọn ti kú.

Lọ́dún kejì, ó tún bí mẹ́rin. Ikùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo tún gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo tún lọ bá Àyàndélé, tó ń tọ́jú ẹran ní oko Yunifásítì. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá, ó ṣí ẹnu ọmọ ajá kan, ó wo erìgì rẹ̀ tó ti funfun.

“Bàbá, ẹ ò ní ọ̀tá kankan. Aràn ni!”

“Àwọn tí ò tíì jẹ nǹkan kan ju ọmú lọ?”

“Ara ìyá wọn náà ló ti wá. Ó ń kọjá sí wọn lára nínú oyún, ó tún ń bá ọmú wọlé.”

Ó fún wọn ní oògùn: kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì míì, tìyá tọmọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, aràn jáde, ó lọ́ mọ́ra bí òwú. Ikùn fà, àwọn ọmọ ajá ń ṣeré. Mo jẹ́rìí rẹ̀ níwájú ìjọ.

Kò pé oṣù kan tí ikùn tún fi wú. Mẹ́ta nínú wọn ti kú kí n tó béèrè.

“Bàbá, ẹ lo oògùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì?”

“Rárá o. Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Gbogbo ẹlẹ́mìí ló láràn. Òun ló ń lọ oúnjẹ nínú wa. Èyí tó pọ̀jù ti jáde. Bí mo bá pa ìyókù, kí ni yóò máa lọ oúnjẹ wọn?”

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe kọ́ mi: bí inú bá ń kùn, aràn ló ń béèrè oúnjẹ.

Àyàndélé, tí mo tún lọ pè wá, jókòó sórí pákó, ó rẹ̀ ẹ́. “Bàbá, èyí tó ti dàgbà nínú ìfun nìkan ni oògùn pa. Àwọn kéékèèké ṣì ń rìn kiri nínú ara. Ìgbà tí wọ́n bá dé ìfun lẹ ó tún fi oògùn pàdé wọn. Ẹ̀yin wá dá wọn sí.”

“Mo sọ fún wọn!” ni Àtọ́kẹ́ dá sí i. “Etí ò gbọ́, ọkàn náà ò gbọ́.”

“Kí ló wí?” ni Bàbá béèrè.

“Mo ní ẹ kú ìrọ́jú!”

Ìkẹrin kú ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Tanmọ̀la bímọ lẹ́ẹ̀kẹta, méjì péré ni. Wọn ò bẹ̀ mí pé kí n gbàdúrà, èmi náà ò sì gbà á. Ó ti sú mi. Bàbá fi èédú fa ìlà sára ògiri. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, tìyá tọmọ á lo oògùn. Láràárọ̀, wọ́n á fi ọkọ́ kó ìgbẹ́ ajá, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ lókèèrè, torí Àyàndélé ní inú iyanrìn ni ẹyin aràn ti ń gbó, ó sì lè ran ọmọ ènìyàn. Wọ́n sun àpò tí ajá ń sùn lé, wọ́n fi pákó tó ti gbẹ nínú oòrùn rọ́pò rẹ̀. Àtọ́kẹ́ ò ju ìfun adìẹ tútù sí wọn mọ́.

Ọ̀kan ṣì kú. Ìkejì yè.

Ó ti tó ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà tí mo yà kí Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. “Tíṣà, àdúrà yín gbà,” wọ́n ní. “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.”

Àwọn tí mo gbààwẹ̀ fún wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn òkìtì pákó. Èyí tí mo dákẹ́ lé lórí ló dùbúlẹ̀ síwájú mi yìí. Mo ti bi Ọlọ́run léèrè. Kò tíì dá mi lóhùn.

Ọkọ̀ agégedú kan fọn fèrè lẹ́nu géètì. Bàbá ò gbọ́. Ajá náà fò dìde, ó gbó lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. Ló bá sáré wá, ó fi eyín fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn.

“Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́,” ni Bàbá wí, wọ́n sì dìde lọ ṣí géètì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bá wọn dúpẹ́.