Ìlà Tí A Fi Ẹsẹ̀ Ara Wa Fà Sójú Odò

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pín ìpínlẹ̀ ju àwọn tó pín in lọ. Ẹ má bínú pé mo ń fọ́nnu. Ẹni tó bá dàgbà síbi tí mo dàgbà sí yóò fọ́nnu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abúlé wa wà láàárín Òṣogbo àti Iléṣà, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kì í kọjá orúnkún. Bí òjò bá dé, àgbàlagbà á ro ó kó tó wọ̀ ọ́.

Apá ìhà Iléṣà ni ilé bàbá mi wà. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n, àgbẹ̀ kòkó, tó jẹ́ pé títí wọ́n fi lọ, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé, "uṣu" ni wọ́n ń pe iṣu. Ọmọ Òṣogbo ni ìyá mi, aláró ni wọ́n, òdìkejì odò sì ni ìdí aró wọn wà, lórí ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn fún wọn. Láàárọ̀ wọ́n á sọdá lọ síbi iṣẹ́, nírọ̀lẹ́ wọ́n á sọdá padà sílé ọkọ. Bàbá mi a máa ní àwọn nìkan lọkùnrin tó ń jẹ iyán tí ọwọ́ aró gún ní gbogbo ayé. Ìyá mi náà kì í gbà, bí bàbá mi bá ti ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹyin iná láti gbé lọ sóko, wọ́n á ní, "Ṣebí wọ́n ti wí i, Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná." Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, ó sì tù wá lára.

Nígbà náà, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Dífíṣọ̀n Ọ̀ṣun wà níhìn-ín, Dífíṣọ̀n Ìjẹ̀ṣà wà lọ́hùn-ún. Dífíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àwọn kánsù tirẹ̀, kánsù kọ̀ọ̀kan sì ní wolé-wolé àti agbowó orí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ kánsù tó ni wá gan-an. Àwọn méjèèjì ló ń ránṣẹ́ wá, kò sì sí èyí tó ṣe nǹkan kan fún wa. A ò ní kànga, a ò ní mátánítì, bẹ́ẹ̀ ni igi kan ò sí lójú odò tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé. Àwọn àgbà wa bá dá ọgbọ́n.

Bí wolé-wolé bá ti Iléṣà dé láti wá wo inú ìkòkò omi, gbogbo ilé á gbé ìkòkò tí tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, wọ́n á sọdá odò. Wolé-wolé á dúró sétí omi, á máa jágbe. Bàbá mi á fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn láti òdìkejì pé, "Ọ̀gá, odò yìí ni ààlà o. Abẹ́ Òṣogbo la wà níbí." Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí agbowó orí ti Òṣogbo dé, àwọn ọkùnrin á sọdá padà sápá tiwa, bàbá mi á tún ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Odò yìí ni ààlà. Ìjẹ̀ṣà la jẹ́." Ìkòkò aró kì í ṣe ohun à ń gbé sá ní tirẹ̀, nítorí náà ìyá mi á jókòó ti tiwọn gbọin. Ohunkóhun tí agbowó orí bá bi wọ́n, wọ́n á ní kó lọ bi ọkọ àwọn lódìkejì.

A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro wá. Mi ò tíì rí eré tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Iléṣà, ilé-ìwé abúlé wa gan-an ni wọ́n gbé mi lọ. Apá tiwa ni ilé-ìwé náà wà, ìdajì àwọn ọmọ sì ń ti òdìkejì odò wá. Mo kọ́ wọn pé orílẹ̀-èdè pín sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ pín sí dífíṣọ̀n, dífíṣọ̀n pín sí kánsù. Wọ́n ń fi kọrin. Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, àwa wá ńkọ́?" Mo ní kó jókòó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta. Àti Òṣogbo àti Iléṣà, àti àwa tí a wà láàárín, inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la bọ́ sí. Dífíṣọ̀n kógbá wọlé, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ló kù, ìgbìmọ̀ kan yóò sì máa lọ káàkiri láti mọ ibi tí abúlé kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí. Àwa tẹ́nikẹ́ni ò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ọmọ ojú. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá lérò púpọ̀ ni yóò rọ́wọ́ mú, ni ìhà méjèèjì bá ń fẹ́ wa bí ẹni ń fẹ́ wúńdíá.

Iléṣà ṣèlérí mátánítì, Òṣogbo ṣèlérí afárá. Bàbá mi ló ṣíwájú àwọn tó fẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ìyá mi, tí kì í bá ọkọ wọn jiyàn nínú ohun mìíràn, ló ń ṣe agbẹnusọ fún Òṣogbo. Ìdí oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ti ń jà á.

"Mátánítì tí wọ́n ṣèlérí fún yín yẹn, baálé mi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ bímọ níbẹ̀ ni?"

"Afárá tiyín ńkọ́, ọmọ Òròkí? Ṣé kí o lè máa rọ́nà sá lọ sílé bàbá rẹ ni?"

Báyìí ni gbogbo abúlé ṣe pín sí apá méjì. Ṣùgbọ́n gbogbo wa lápapọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kó sọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lálàá pé wọ́n lè là wá.

Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dé, inú kíláàsì mi ni wọ́n jókòó sí, àwọn ọkùnrin abúlé lápá kan, àwọn obìnrin lápá kejì. Alága jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ awò ojú. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a wá ni wolé-wolé Iléṣà àtijọ́, irun rẹ̀ ti funfun. Alága béèrè ibi tí ààlà wà. Bàbá mi dìde, wọ́n ní kò sí ààlà kankan láàárín wa, ọ̀kan ṣoṣo ni wá, Ìjẹ̀ṣà sì ni kí wọ́n kó wa fún.

Wolé-wolé bá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi létí odò yẹn pé òun ni ààlà? Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun kan náà lẹ sọ fún àwọn tó ń ti Òṣogbo bọ̀. Gbogbo wa la sì jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún kánsù wa."

Alága ní, "Bí onílé bá ti fi ààlà hàn wá, kí la tún ń wá kiri? Ará ìhín á lọ sí Ìjẹ̀ṣà, ará ọ̀hún á lọ sí Òṣogbo."

Mo wo àwọn bẹ́ǹṣì mi, mo ń ro àwọn ọmọ tí kò ní jókòó sórí wọn mọ́. Bàbá mi kò tíì jókòó. Mo rí i tí wọ́n yíjú sí apá ibi tí àwọn obìnrin wà, tí wọ́n wo ìyá mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà.

"Alága, mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ kó gbogbo wa fún Òṣogbo. Ẹ ṣáà má là wá."

Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà kùn hùn-ùn. Ọ̀kan tiẹ̀ fa bàbá mi láṣọ. Kí alága tó sọ̀rọ̀, ìyá mi ti dìde, ọwọ́ wọn dúdú fún aró títí dé ìgbúnwọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti baálé mi. Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ kó wa fún, tọmọdé tàgbà. Ilé ọkọ mi ni."

Wolé-wolé bú sẹ́rìn-ín. "Alága, ẹ wá ń fojú ara yín rí i. Wọ́n tún ti ń sọdá."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí ará abúlé wa sọdá láìtan ẹnikẹ́ni jẹ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Inú bí mi sí àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ náà, ó ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń wí yìí. Ṣùgbọ́n irọ́ ò pé: àfọwọ́fà ni. Wọ́n kàn ya ìlà tí a ti ń fi ẹsẹ̀ ara wa fà láti ọdún gbọọrọ ni.

Ojú odò ni ìlà bọ́ sí. Mátánítì kò wá, afárá kò wá. Ìjọba ìbílẹ̀ tìhín ní ti ọ̀hún ló ni àárín omi, ti ọ̀hún ní ti ìhín ni. Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá mi gé igi ńlá kan nínú oko kòkó wọn, wọ́n là á sí pákó tí a ó fi ṣe afárá. Àwọn ọkùnrin tiwa gbé orí kan, ìyá mi kó àwọn ẹ̀gbọ́n wọn jáde láti gba orí kejì.

"Ọmọ Òròkí, ẹ gbé tiyín sókè díẹ̀."

"Tiwa ti dúró, baálé mi. Ti Ìjẹ̀ṣà ló wọ́."

Lórí pákó yẹn ni àwọn ọmọ gbà wá sílé-ìwé. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí àwọn ará òdìkejì odò lọ máa kàwé ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, mo ní mi ò rí odò kankan. Wọ́n tún ránṣẹ́. Mo ní mi ò tíì rí i síbẹ̀. Ó sú wọn kí ó tó sú mi.

Ohun kan ló yí padà nínú ilé wa. Kí wọ́n tó là wá, n kò rí i rí kí bàbá mi lọ pàdé ìyá mi ní ìdí aró. Orí àga ni wọ́n ti ń retí oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn tí ìlà bọ́ sójú odò, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, bàbá mi á wọ bàtà, wọ́n á lọ jókòó sídìí afárá. Bí ìyá mi bá ti dé, bàbá mi á gba agbọ̀n lórí wọn, wọ́n á jọ máa bọ̀ wálé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹsẹ̀ bàbá mi kò fi gbé wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kò jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá mi wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé. Wọ́n ní, "Ṣebí ìjọba ti wí pé ìlú mìíràn ni ibẹ̀. Bí ìyàwó ẹni bá ń ti ìlú mìíràn bọ̀, ṣé a ò ní lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà ni?"