Ohùn Tó Wà Nínú Fọ́tò Kérésì

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́."

Ohun tí bàbá onífọ́tò tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ní ìlú Òsì máa ń wí nìyẹn kó tó ya ẹnikẹ́ni. Á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, á sì dákẹ́. Oòrùn á máa pa wá lójú, ọyẹ́ á ti bẹ́ wa létè, síbẹ̀ kò ní tẹ nǹkan kan. Àfìgbà tí báńgà bá dún lójú títì, tàbí tí ewúrẹ́ ọdún bá ké, tàbí tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bá gbé orin sókè, ìgbà náà la tó máa gbọ́ kẹ́ẹ́.

Mùsùlùmí ni, ó ní ẹbí ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n Kérésì ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yá jù, torí ìgbà náà làwọn ará ẹ̀yìn odi ń wálé. Ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló máa ń kọ ewì ìlà méjì sí, lórí ohun tó dún nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ojú la fi ń wo fọ́tò. Òun á ní ta ló ti fi etí gbọ́ òórùn rí, ṣebí gbogbo wa là ń sọ pé a gbọ́ òórùn. Ó ní fọ́tò náà ní gbígbọ́ tirẹ̀.

Kérésì kan, ìyá mi wọ aṣọ ọdún, ó dúró síwájú kámẹ́rà, ó ń retí mi kí á jọ yà á. Èmi wà lójú títì, mò ń lu agolo mílíìkì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó pè mí, ariwo agolo kò jẹ́ kí n gbọ́. Bó ṣe ya ẹnu ni bàbá tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi nìkan ló jáde nínú fọ́tò náà, ó kọjú síbi tí èmi ò sí. Ó fi rẹ́rìn-ín, ó ní a ó jọ yà á lọ́dún tó ń bọ̀. Àìsàn inú ló pa á kí ọdún náà tó yí po.

Nígbà tí Kérésì tún dé, tí òórùn adìyẹ díndín gba àdúgbò, ọdún kò wọ̀ mí lára rárá. Mo mú fọ́tò náà lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kó bá mi ka ẹ̀yìn rẹ̀, torí ìkọ̀wé rẹ̀ ṣòroó kà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ń rùn níbẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á jẹ́jẹ́:

Ọyẹ́ ń fẹ́, agolo ń ró lójú títì,
Ìyá ń ké sí ọmọ, ọmọ ò wẹ̀yìn.

Bó ti pa ẹnu dé, agolo dún. Mo yọjú síta. Kò sí ọmọ kankan lójú títì. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi pe orúkọ mi, ó ní, "Bọ̀ wá ulé." Láti ọwọ́ bàbá tó di fọ́tò mú ni ohùn náà ti ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ jẹ́ "Mà", àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti bò mí lẹ́nu.

Kò sí ọmọ tí wọn ò kìlọ̀ fún nílùú wa pé kó má jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Mo rò pé nítorí kí n má bàa kú ló ṣe bò mí lẹ́nu. Bàbá onífọ́tò náà mi orí, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nàka sí fọ́tò kan lára ògiri, ti ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣaláìsí, tó gbé ìrẹsì Kérésì tí ìyá mi bù fún wọn dání, tó ya ẹnu.

"Oúnjẹ ló máa ń pè mí sí," ó ní. "Mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà náà, kò pè mí mọ́. Tí o bá dáhùn, kò ní pa ọ́, ọmọ mi. Òun ni yóò lọ sinmi."

Mo pa ẹnu mi dé.

Bàbá náà ti kú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà báyìí. Ìlú ńlá lèmi ń gbé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pe ilé ní ulé. Tí mo bá wálé fún Kérésì, mo máa ń ka ewì náà sókè kí n lè gbọ́ ohùn ìyá mi. Mo ti dàgbà ju ìyá mi inú fọ́tò yẹn lọ. Ohùn rẹ̀ ti ń há, bíi ti ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń pe ọmọ nínú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo dá a dúró síbẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè jẹ́ kó lọ sinmi.

Ní Kérésì tó kọjá, mo kà á, agolo dún, ó pè mí. Mo ń retí kó dákẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Kò dákẹ́. Ó ní, "Àbí o ò gbọ́ ni?"

Mo gbọ́. "Mà" kan ṣoṣo ló kù láàárín èmi àti ìyá mi, ẹnu mi ló sì wà láti kékeré. Kérésì míì ti ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé yóò tún béèrè.